Bí Mo Ṣe Dé Ilé Bàbá Mi Ládé

Ọdún kejì tí ilẹ̀ wa gba òmìnira ni bàbá mi ṣubú láti orí òrùlé. Káfíńtà ni wọ́n, ní Pobè. Ilé ẹ̀kọ́ tuntun kan ni wọ́n ń kan òrùlé rẹ̀ ní ọ̀nà Towé. Nígbà yẹn, kò sí abúlé tí kò fẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀; gbogbo ènìyàn ló gbà pé àwọn ọmọ tiwa ni yóò jókòó sórí àga tí àwọn Faransé dìde kúrò lórí rẹ̀. Igi kan tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ láìjẹ ẹ̀yìn ni bàbá mi fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Igi ṣẹ́, wọ́n sì bá a lọ sílẹ̀.

Orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo wà ní Sakété nígbà tí ìròyìn náà dé. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní gáà, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró. Òun ló ń wọn ẹrù àwọn tó ń kó epo àti ekùrọ́ lọ sí Àjàṣẹ́. Òṣìṣẹ́ kan nínú ọkọ̀ tó ti Pobè bọ̀ ló sọ fún un. Kò sáré wá bá mi. Ó rọra wọlé, ó dúró sẹ́yìn mi títí mo fi gé òwú, kó tó wá sọ pé:

"Bàbá rẹ ṣubú. Wọn ò kú o. Ṣùgbọ́n múra."

Ìbàdí ló kán. Oníṣègùn kan tó mọ eegun tò bá wọn tò ó, ó fi ọpá dì í, wọ́n sì fi oṣù mẹ́rin gbáko sùn lórí ẹní. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n lè fi ọ̀pá rìn láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé, àmọ́ ẹsẹ̀ òsì kò gbé ara bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Oníṣègùn náà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ní, "Ẹ ó rìn. Ẹ ó jókòó ṣiṣẹ́ bó bá wù yín. Àkàbà nìkan ni ẹ ti gùn tán láyé."

Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti yí àga wọn kọjú sí ògiri.

Mo máa ń wọkọ̀ lọ wò wọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tí mo bá kí wọn, wọn á dáhùn. Tí ìyá mi bá gbé oúnjẹ wá, wọn á jẹ díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í bèèrè ohunkóhun, wọn kì í sì í bínú sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tí ariwo rẹ̀ máa ń ti orí òrùlé dé ojú ọjà tẹ́lẹ̀! Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí ìyá mi di gbogbo irinṣẹ́ àwọn sínú àpò, kí ó fi ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan ní Ìta-Ìjẹ̀bú tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn rí. Ìyá mi dì í lóòótọ́. Abẹ́ ibùsùn ara wọn ni wọ́n tì í sí.

Ìyá mi mú mi lọ sí ìdí ààrò, wọ́n sọ ọ́ fún mi. "Ọmọ mi, bá mi wá nǹkan ṣe sí bàbá rẹ. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n máa bú mi. Ẹni tí kò bínú mọ́, kí ló kù tí ó ń retí?"

Èmi náà kò mọ ohun tí mo lè ṣe. Aránṣọ ni mí. Aṣọ ni mo mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ń wá ẹ̀wù wọn kan tí mo fẹ́ tún ọrùn rẹ̀ ṣe, mo sì ṣí àpótí wọn. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, mo rí ìwé kan bíi ti àwọn ọmọ iléèwé, èèpo rẹ̀ ti pọ́n bí ata gbígbẹ. Àwòrán ló kún inú rẹ̀: ìkọ́ òrùlé oríṣiríṣi, ilẹ̀kùn, àtẹ̀gùn. Ojú ewé mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n yà síbẹ̀ léraléra. Ó dà bí ilé kékeré tó jókòó sí góńgó orí ilé ńlá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí àpótí onígun mẹ́rin. Àárín rẹ̀ jẹ́ fèrèsé kéékèèké yíká, tí a fi pákó pẹlẹbẹ dí ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí atẹ́gùn máa gbabẹ̀ kọjá. Orí rẹ̀ sì ṣe róbótó bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, pẹ̀lú igi ṣóńṣó kan tó yọ lókè.

Mo mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà tí bàbá mi wà lọ́dọ̀ọ́, Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, lọ́wọ́ ọ̀gá kan tí ó jẹ́ Àgùdà, àwọn tí baba ńlá wọn ti ilẹ̀ Bràsíìlì padà wá. Irú nǹkan yìí wà lórí ilé àwọn kan nínú wọn. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní kúpólù. Ìyá mi ń pè é ní adé ilé. Ìyá mi ń ta gaàrí ní Àjàṣẹ́ nígbà yẹn, ìdí ọ̀kan nínú àwọn ilé náà sì ni bàbá mi mú wọn lọ tí wọ́n ti sọ fún wọn pé, "Bí mo bá kọ́lé, ilé tìrẹ náà á dé adé." Nígbà tí bàbá mi sì wá kan páànù sórí ilé tiwa ní Pobè, wọ́n fi igi méjì dábùú abẹ́ góńgó òrùlé, níbi tí adé náà máa jókòó sí. Igi náà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ilé àwọn ẹlòmíràn ni kò jẹ́ kí adé dé.

Mo gbé ìwé náà, mo lọ jókòó sílẹ̀ láàárín àga wọn àti ògiri, níbi tí ojú wọn kò ti lè ṣaláì bá tèmi pàdé. Mo ṣí i lé wọn lórí orúnkún.

"Bàbá, abala mélòó ni ẹ fi ṣe orí rẹ̀ yìí?"

Ojú wọn bọ́ sórí ìwé náà.

"Mo kà á, mẹ́jọ ni. Yẹ̀rì ni èyí."

Wọ́n wò mí. "Yẹ̀rì báwo?"

"Yẹ̀rì alábala mẹ́jọ ni, Bàbá. Abala kọ̀ọ̀kan fẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń tín-ín-rín lọ títí ó fi di ṣóńṣó lókè. Tí mo bá gé mẹ́jọ bẹ́ẹ̀, tí mo rán wọn pọ̀—"

"Àrọ lo máa rán yẹn," ni wọ́n wí. "Tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá lọ tààrà, àrọ tí a fi ń rọ epo ló máa dà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wú sóde díẹ̀, bí ewé. Mú pẹ́ńsùlù yẹn wá."

Mo yọ pẹ́ńsùlù tó wà ní etí mi. Wọ́n ya ewé kan sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán àtijọ́ náà. Wọ́n tún ya òmíràn. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi pẹ́ńsùlù lélẹ̀.

"Asán ni. Ta ló máa gbé e gòkè?"

"Èmi ni."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn wọ́n ní ìbàdí, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ibẹ̀ mú, síbẹ̀ wọn kò lè dákẹ́. Ìyá mi sáré jáde láti ìdí ààrò pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́, wọ́n rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹ̀rín ni, wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì fi etí aṣọ nu ojú.

Báyìí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ní Sakété níbi tí mo ti ń ránṣọ àwọn oníbàárà mi, ọjọ́ mẹ́ta ní Pobè. Ọkọ mi kò kọ̀, kò sì gbà. Ohun tó sọ ni pé, "Ṣé o mọ̀ pé èmi ni àwọn ènìyàn máa bi léèrè?" Mo ní, "Kí ni ìwọ máa wí?" Ó rò ó. "Màá ní iṣẹ́ bàbá rẹ lo ń ṣe." Mo ní ìyẹn náà ni.

Abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé la ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá mi jókòó lórí àga, wọ́n ti kúrò lọ́dọ̀ ògiri wàyí, wọ́n ń fi ọ̀pá nàka sí ohun tí mo máa gé. Wọn ò fọwọ́ kan ayùn. Mo rí i pé wọn ò fẹ́ fọwọ́ kàn án, n kò sì rọ̀ wọ́n. Pákó ìrókò tó ṣẹ́ kù láti ara iṣẹ́ àtijọ́ ni a fi ṣe àpótí ìsàlẹ̀ àti àwọn fèrèsé. Ayùn tí ó máa ń kọrin lọ́wọ́ bàbá mi, kíké ló ń ké lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ mi wú. Mo ti rò pé ẹni tó mọ aṣọ gé mọ ohun gbogbo gé.

Fún orí rẹ̀, páànù pẹlẹbẹ ni a rà. Mo kọ́kọ́ gé bátánì kan láti ara bébà àpò sìmẹ́ǹtì, bàbá mi tún un ṣe nígbà mẹ́ta kí wọ́n tó gbà pé ó dà bí ewé. Mo tẹ́ ẹ sórí páànù, mo fi ẹfun fà á yíká, mo sì fi àlùmọ́gàjí ńlá gé abala mẹ́jọ. Inú mi dùn débi pé mo kọrin. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kó wọn jọ sórí egungun igi tí a ti ṣe, wọn kò kan ara wọn. Àlàfo wà láàárín gbogbo wọn, ojú ọ̀run ń yọ níbẹ̀.

Bàbá mi fi ọ̀pá nàka sí àlàfo kan. "Aránṣọ," ni wọ́n wí, "tí o bá fẹ́ rán aṣọ méjì pọ̀, ṣé kì í ṣe pé o máa ń fi àyè ojú ìrán sílẹ̀ ni?"

Mo fi ọwọ́ bo ojú. Èmi tí mo máa ń bá àwọn tí mo ń kọ́ níṣẹ́ wí nítorí ojú ìrán! N kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún ibi tí páànù kan máa ti gun orí èkejì. A ra páànù míràn. Abala mẹ́jọ àkọ́kọ́ yẹn, ìyá mi fi wọ́n ṣe ọgbà yí ewébẹ̀ wọn ká kí ewúrẹ́ má bàa jẹ ẹ́, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo àlejò pé ọmọ àwọn ló rán an.

Ìgbà tí a ń kan àwọn fèrèsé ni àbúrò bàbá mi wá. Bàbá Kékeré ni àwa ọmọ ń pè wọ́n. Àgbẹ̀ ni wọ́n, oko wọn wà lọ́nà Towé, wọn kì í sì í wá sí ìlú láìnídìí. Wọn ò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé obìnrin fẹ́ gun òrùlé nínú ilé yìí. Mo ní irọ́ ni. Mo wá kí n lè fojú ara mi rí irọ́ náà."

"Kì í ṣe irọ́," ni bàbá mi wí.

"Obìnrin á wà lókè, àwọn àgbà ọkùnrin á wà nísàlẹ̀? Níbo la ti ṣe é rí?"

Ìyá mi ló dáhùn. Wọ́n gbé igbá ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà sílẹ̀. "Ọkọ mi," ni wọ́n wí, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń pe gbogbo ọkùnrin ilé ọkọ wọn, "ọdún tí ẹ̀gbọ́n yín padà lọ ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, kí wọ́n tó kọ́ ilé yìí, tí mo wà nínú ilé koríko, tí òjò ń rọ̀ sórí mi àti àkọ́bí mi, ta ló gun òrùlé lọ tún un ṣe? Ẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń ju koríko sókè sí mi."

Bàbá Kékeré wo ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti yí padà.

"Ìyàwó wa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin ló ń dùn mí. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ṣubú, èmi ni mo gbé e. Mo gbọ́ bí eegun yẹn ṣe ń dún bí mo ṣe ń gbé e rìn. Ó ṣì ń dún létí mi nínú oko. N kò fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo ti ń rò ó pé ìgbéraga ló gbé wọn wá. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn.

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kí n ṣubú. Màá so okùn mọ́ ìdí. Okùn yẹn á gba orí góńgó kọjá sí òdìkejì ilé. Ẹ̀yin ni kí ẹ dì í mú."

Wọ́n bèèrè pé, "Okùn wo?" Mo mú un wá. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì fà á, wọ́n wo ìdí rẹ̀, wọ́n ní okùn yẹn kò tó èyí tí a fi ń so ewúrẹ́, àwọn á mú tiwọn wá láti oko, èyí tí àwọn fi ń gun ọ̀pẹ.

Inú ọyẹ́ ni a mú ọjọ́ sí, nígbà tí òjò kò sí. Ọkọ mi bá ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ wá, ó sì mú ṣòkòtò rẹ̀ kan dání fún mi. Ó nà án sí mi. Mo wọ̀ ọ́, mo ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Bàbá Kékeré so okùn ọ̀pẹ náà mọ́ mi ní ìdí, wọ́n dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sì gba ẹ̀yìn ilé lọ. Ọkọ mi di àkàbà mú. Bàbá mi jókòó sí àárín ẹ̀yìnkùlé, ojú wọn sókè. Àwọn ará àdúgbò jáde wá wòran. Ẹnìkan bèèrè bóyá ilé ẹyẹlé ni a fẹ́ kọ́, ìyá mi sì ní kó dúró kí ó rí irú ẹyẹlé tó máa gbé ibẹ̀.

N kò ní purọ́, ẹ̀rù bà mí. Láti ilẹ̀, òrùlé ilé wa kò ga. Láti òkè, mo rí orí igi máńgòrò, mo rí ọ̀nà gáà, mo rí àwọn ọ̀pẹ tó tò lọ títí. Páànù ti ń gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo tẹ ara mọ́ ọn bí alángbá.

"Má wo ilẹ̀!" ni Bàbá Kékeré kígbe láti òdìkejì tí n kò rí. "Mo dì ọ́ mú!"

Mo tú ìdérí góńgó, mo gé páànù níbi tí bàbá mi ti ní kí n fi ẹfun sàmì sí, mo sì rí igi méjì náà tó dábùú, eruku ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí wọn. A fi okùn fa àpótí ìsàlẹ̀ gòkè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ la ti gé ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kó lè gun góńgó òrùlé bí ènìyàn ṣe ń gun ẹṣin. Mo gbé e lé e. Ó ń mì.

"Bàbá, kò jókòó dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn kò kan páànù."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo mọ òrùlé mi."

Mo gbé ìgò tí mo rọ omi ìdajì sí sórí rẹ̀, èyí tí a fi ń wo ìdọ́gba. "Bàbá, omi ti sá sí ọ̀nà kan."

Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tí bàbá mi ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rẹ́rìn-ín. "Ọdún tí mo kan òrùlé yìí, òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ sì lóyún rẹ sínú. Mo kánjú. Ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn yẹn rọra tẹ́ ju èkejì lọ. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọdún yẹn, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ṣé irú ilé tí ẹ fi mí sí nìyẹn?" ni ìyá mi wí, gbogbo èrò sì rẹ́rìn-ín.

"Ìka mélòó ni àlàfo náà?" ni bàbá mi bèèrè.

"Ìka méjì níbi tó pọ̀ jù, ó ń dín kù lọ."

Mo ń retí kí wọ́n pe ọkọ mi kó gé igi. Wọn ò pè é. Wọ́n fi ọ̀pá fa ayùn sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n gbé pákó lé itan, wọ́n fi ojú wọ̀n ọ́n, wọ́n sì gé e. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún kan, mo gbọ́ tí ayùn ń kọrin nínú ilé wa. Láti orí òrùlé ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ìyá mi yí ojú sí ògiri ìdí ààrò. Nígbà tí ọkọ mi gbé igi náà gòkè sí mi, mo tì í sábẹ́ àpótí, ó wọ̀ ọ́ géérégé. Omi inú ìgò dọ́gba.

Àárín rẹ̀, ìyẹn ilé fèrèsé, gòkè láìsí wàhálà. Orí rẹ̀ ló fẹ́ dójú tì wá. Ó fúyẹ́, ó sì fẹ̀. Bó ṣe dé etí òrùlé ni atẹ́gùn ọyẹ́ kan dé, ó sì wọ inú rẹ̀ bí ìgbà tí atẹ́gùn wọ agboòrùn. Ó já gbà lọ́wọ́ mi. Mo nawọ́ mú un, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ sílẹ̀ lórí páànù pẹ̀lú ariwo tí gbogbo Pobè gbọ́.

Okùn fà mí ní ìdí, kìì. Mo dúró.

N kò tíì rìn ju ìwọ̀n apá kan lọ, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé mo ti rìn dé Sakété. Adé wà lórí àyà mi, mo dì í mọ́ra. Láti òdìkejì, Bàbá Kékeré kò kígbe. Wọ́n sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀: "O ò ní lọ ibì kan. Sinmi. Mí. Tó o bá ṣetán, sọ fún mi, màá fà ọ́ gòkè."

Mo mí. Mo ní mo ṣetán. Wọ́n fà mí gòkè díẹ̀díẹ̀, mo gbé adé lé orí ilé rẹ̀, mo sì kàn án. Abala kan ti tẹ̀ wọnú ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ọ̀nà gáà. Bàbá mi ní kí n fi í sílẹ̀. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Mo fẹ́ kí ìtàn náà parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n òjò kò tíì sọ tirẹ̀. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò dé, mo wà ní Pobè. Ọ̀sán ni. A jókòó sí pálọ̀, a ń fi ara balẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń lu páànù, ni mo bá gbọ́ tó, tó, tó. Omi ń kán sórí tábìlì, lábẹ́ adé gan-an. Ìyá mi yára gbé abọ́ sí i, wọ́n sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ìyẹn ló pa mí lẹ́kún. Mo sunkún bí ọmọdé. Mo ní ǹ bá ti jókòó sí ìdí aṣọ mi.

Bàbá mi jẹ́ kí n sunkún tán. "Kò sí òrùlé tí òjò kì í kọ́kọ́ yẹ̀ wò," ni wọ́n wí. "Ó ti wò ó, ó sì ti sọ ibi tó kù fún wa. Ibo ni omi ti ń wá, láti òkè tàbí láti ìdí?"

Mo gun orí tábìlì wò ó. Láti ìdí ni. Mo ti fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹsẹ̀ àpótí ká kí omi má bàa wọlé, ṣùgbọ́n ìta pákó ni mo kan etí òkè rẹ̀ mọ́. Omi tó ń ṣàn lára pákó bọ̀ wá ń gba ẹ̀yìn páànù náà wọlé.

"Ìyẹ́ adìẹ ni kó o máa wò," ni bàbá mi wí. "Ti òkè ló ń bo ti ìsàlẹ̀. Pákó òkè ni kó gun páànù, kì í ṣe páànù kó gun pákó."

Òjò dá ní ọjọ́ kejì. Bàbá Kékeré wà lóko, ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo so okùn ọ̀pẹ tí Bàbá Kékeré fi sílẹ̀ mọ́ igi máńgòrò fúnra mi, mo sì gòkè. Mo tú pákó ìsàlẹ̀, mo ti páànù sábẹ́ rẹ̀, mo tún pákó náà kàn lé e lórí, mo sì fi ọ̀dà dúdú kun ojú ibẹ̀. Bàbá mi wà nínú ilé, wọ́n ń fi ọ̀pá gígùn kan abẹ́ òrùlé láti sọ ibi tí n kò tíì kàn dáadáa fún mi. Nígbà tí ọ̀pá dákẹ́, mo mọ̀ pé mo ti ṣe tán. Mo jókòó sórí góńgó fún ìgbà díẹ̀, mo wo ìlú. Ẹ̀rù kò bà mí mọ́. Òjò tó tẹ̀ lé e fi gbogbo ọ̀sán rọ̀, abọ́ ìyá mi sì gbẹ lórí tábìlì.

A wá rí ohun tí a kò rò. Ooru tó máa ń pa wá nínú ilé ní ọ̀sán ń gba inú adé náà jáde. Àwọn ará àdúgbò tó ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ wá ń jókòó sí pálọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á ní àwọn wá kí bàbá. Ìyá mi fún wọn lómi, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n pẹ́.

Bàbá mi kò yí àga kọjú sí ògiri mọ́. Wọ́n gbé tábìlì iṣẹ́ sábẹ́ igi máńgòrò, èyí tí gíga rẹ̀ bá ẹni tó jókòó mu, wọ́n ń ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé níbẹ̀. Ọkùnrin Ìta-Ìjẹ̀bú yẹn gbọ́, ó wá, kì í ṣe láti gba irinṣẹ́; ó wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa bá òun ṣètò àwọn òrùlé tí òun ń kàn. Ó ń gòkè, wọ́n ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Ariwo wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í dé ojú ọjà.

Ní ti èmi, ọdún kejì rẹ̀ ni àwọn ọmọ ìjọ kan wá bá mi ní Sakété. Aláṣọ funfun ni wọ́n, Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti dá ìjọ wọn sílẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ ilé àdúrà tuntun ní Sakété níbẹ̀. Àgbà obìnrin kan láàárín wọn ti lọ kí ẹbí rẹ̀ ní Pobè, ó rí adé wa, ó sì bèèrè ẹni tó ṣe é.

"Wọ́n ní ìwọ ni," ló wí, ó ń wo ẹ̀rọ ìránṣọ mi. "Ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní, "Ìyá, èmi àti bàbá mi ni."

"Ṣé ẹ lè ṣe é fún wa?"

Mo ní màá bi wọ́n. Nígbà tí mo bi bàbá mi, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń wá bàtà wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wọ ọkọ̀ ojú irin láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣubú nìyẹn. Bàbá Kékeré tẹ̀ lé wọn, okùn ọ̀pẹ ní èjìká. Wọ́n ní kò sí ẹlòmíràn tí àwọn lè fi í sí lọ́wọ́. Ọkọ mi dúró dè wọ́n ní gáà, ó sì fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ti bàbá mi dé ibi iṣẹ́, gbogbo ọ̀nà ni wọ́n sì ń wo òrùlé àwọn ènìyàn, wọ́n ń sọ èyí tó dára àti èyí tí wọ́n kánjú kàn.

Àwọn ọmọ ìjọ náà ti gbé àga sábẹ́ ibòòji fún wọn. Bàbá mi jókòó, wọ́n gbé ọ̀pá lé itan, wọ́n wo òrùlé náà títí. Lẹ́yìn náà, wọ́n yí sí mi.

"Gòkè lọ wọ̀n ọ́n fúnra rẹ lónìí," ni wọ́n wí. "N kò mọ òrùlé yìí rí."

Mo ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi, mo sì gun àkàbà.